Ojú Kejìlá Màmá Onígun

Ọjọ́ tí èèrà bo iṣẹ́ Màmá Onígun ni gbogbo àdúgbò ṣì ń sọ. Ó fi òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe nǹkan olójú mẹ́fà kan tó dúró bí àpótí, ó rì í sínú omi ṣúgà kí ó lè le, ó sì gbé e lọ sórí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí àwọn ọmọ lè fojú rí ohun tí wọ́n ń yà sínú ìwé. Ọ̀gá náà kò tíì dúpẹ́ tán tí èèrà fi tò láti ojú fèrèsé dé orí tábìlì. Àwọn aládùúgbò ní èèrà gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú ìyẹn.

"Màmá, ṣé kí n gbá wọn dànù?" ọ̀gá náà bi í.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn nìkan ló tíì yẹ gbogbo igun rẹ̀ wò."

Akọ̀wé ilé-ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì ni Màmá. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ike kékeré kan lọ, tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, tí òwú wé sínú rẹ̀. Á máa gbé ọkọ̀ náà yí ìka rẹ̀ ká, á ta kókó lé kókó, á fa òwú, òrùka á pa dé. Òrùka márùn-ún á di ojú kan. Ojú méjìlá á di bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lára òwú kí òwú tó wọ ọkọ̀, òrùka tó bá sì ti pa dé kì í ṣeé tú. Nítorí náà, bí Màmá bá ń ka ìlẹ̀kẹ̀, kì í dáhùn. Àlejò kan kí i láàárọ̀. Ìgbà tí Màmá máa ní "ẹ káàárọ̀ o," ọjọ́ ti rọ̀.

Ọkọ rẹ̀, télọ̀, ń ṣiṣẹ́ ní fèrèsé kejì yàrá kan náà.

"Ta ló máa wọ èyí báyìí?" á bi í.

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ ti wá wọn ara rẹ̀?"

"Ọ̀gá télọ̀, oníbàárà tèmi kì í sanra."

Lọ́jọ́ kan télọ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ odindi bọ́ọ̀lù kan pẹlẹbẹ. Màmá wò ó títí. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ti sọ ọ́ di fọ́tò."

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ń pè é pé kó wá kọ́ iṣẹ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin náà fi ń sọ pé ìka òun tóbi jù.

"Ìka tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́," Màmá á ní.

Nígbà tí Màmá kú sí ilé ìwòsàn, ohun tí ọkọ rẹ̀ bá lórí àga Màmá ni bọ́ọ̀lù kan tó ti parí dé ojú kọkànlá, àti ọkọ̀ kékeré náà. Télọ̀ tú òwú inú rẹ̀, ó ka ìlẹ̀kẹ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ka ti àwọn ojú yòókù: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá ti ka ti ojú kejìlá sílẹ̀ kó tó lọ.

Àbúrò Màmá, tó mọ iṣẹ́ náà, ní òun máa parí rẹ̀.

"Rárá," télọ̀ ní. "Kọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n, òwú yìí kò ní èkejì o. Bí ẹ bá ti fà á, ó parí."

"Mo mọ̀. Kọ́ mi."

Oṣù mẹ́ta ló fi òwú ìránṣọ kọ́ ọ. Nígbà tó wá mú ọkọ̀ Màmá, òrùka mẹ́rin jáde dáadáa. Ó fa ìkarùn-ún le jù. Ojú kejìlá sún kì, bọ́ọ̀lù sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ ká gé e," àbúrò Màmá ní, "ká fi òwú mìíràn ṣe é."

"Má gé e. Òun ló ka ìlẹ̀kẹ̀ yẹn."

Orí àga Màmá ni bọ́ọ̀lù náà wà di òní. Láràárọ̀, kí télọ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, á gbé e, á fi àtàǹpàkò kan ojú tó sún kì yẹn, á ní, "Mo mọ̀. Mo fà á jù." Lẹ́yìn náà á dúró díẹ̀ kó tó tẹ ẹ̀rọ. Kì í kánjú. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun kì í tètè dáhùn bó bá ń ka ìlẹ̀kẹ̀.