Máńgòrò èènì tí mi ò ráyè kọ̀

Ìdajì máńgòrò kan ló fẹ́ dójú tì mí lónìí.

Mo lọ ra èso lọ́dọ̀ Màmá Kétu ní Nombakélé, àdúgbò kan nílùú òkèèrè tí mò ń gbé. Ìfun mi kì í gba gbogbo nǹkan. Ìbẹ́pẹ, kárọ́ọ̀tì àti ọsàn ni mo máa ń rà. Tí mo bá fẹnu kan máńgòrò, inú mi á wú, màá sì máa sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Màmá bá bẹ máńgòrò kan, wọ́n ní èènì mi nìyẹn.

"Ẹ ṣé mà, ara mi ò gbà á ni."

Ojú wọn yí padà. "Àbí o rò pé mo fi nǹkan sí i?"

Gbogbo oníbàárà yíjú sí mi. Màmá gé e sí méjì, wọ́n jẹ ìdajì, wọ́n na ìyókù sí mi. "Ó yá, jẹ ẹ́ lójú mi."

Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo sì jẹ ẹ́.

Mo ti wà nínú tákísì báyìí, mò ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní Owendo. A há mọ́ra. Inú mi ti ń kùn.

Ẹ̀yin tí irú èyí ń ṣe, kí lẹ máa ń sọ tí àgbà á fi gbà pé àìsàn ni, kì í ṣe ìfura? Ẹ tètè fèsì, ẹ jọ̀ọ́. Dírẹ́bà ti ń wò mí nínú dígí.