Òṣíbàtà Tí Wọ́n Dáná Sun

Kékeré ni mo wà, ní Ajangbádì, nígbà tí bàbá mi mú páálí kan wálé láti Ọjà Àlàbá, níbi tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Inú ẹrù tòkunbọ̀ ni wọ́n ti rí i. Àwòrán kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́, tí èèyàn ní láti tò pọ̀ kó tó di odidi.

Adágún omi ni àwòrán náà, òṣíbàtà léfòó lórí rẹ̀, irú èyí tó kún àbàtà ẹ̀yìn ilé wa. Ẹni tó kùn ún kò fa ìlà kankan. Ó kàn ń fi ọ̀dà kàn án díẹ̀díẹ̀ ni. Tí o bá sún mọ́ ọn, àbààwọ́n lásán ni. Tí o bá sún sẹ́yìn, omi á máa dán. Bàbá ní àwọn òyìnbó ilẹ̀ Faransé kan ló ń kùn báyẹn láyé àtijọ́.

Èmi ò ní sùúrù rẹ̀. Ṣadé, àbúrò mi, ló nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ohun tí ojú ọmọ tí kò tètè mọ̀wé ń rí nígbà yẹn: ìkúnlẹ̀, apá lókè, pàṣán ní àtẹ́lẹwọ́, “olódo” lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ṣadé nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá ti pọnmi, tí a ti fọ abọ́ tán, á po gàárì sínú kọ́ọ̀bù, á da ẹ̀pà sí i, á sì dojú bolẹ̀ níwájú pákó tí bàbá gé fún un. Á mú ẹyọ kan, á wò ó, á tẹ̀ ẹ́ sáyè rẹ̀. Èmi á fipá ki tèmi bọ ibi tí kò yẹ, á rọra yọ ọ́ kúrò.

Ó ku díẹ̀ kó parí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí a ń pè ní Màámi Àgbà, ti ìsìn dé nínú aṣọ funfun. Wọ́n dúró tì í.

“Ọmọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ta ló ń kọ́ ọ ní èyí?”

“Mo kàn ń rí i ni, mà,” Ṣadé dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ó ń rí i! Ẹ ò gbọ́? Omi ló tún ń tò! Ẹ̀mí omi ló ń darí ọmọ yìí!”

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú àdògán tí èédú ń jó nínú rẹ̀. Ṣadé kò sunkún. Ó nawọ́ sínú iná. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ dòní. Nígbà tí bàbá mi dé, tí wọ́n gbọ́, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹ ṣeun! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju iná náà lọ.

Wọ́n mú Ṣadé kúrò nílé ìwé, wọ́n fi sí ilé àdúrà kan ní Òkókómáìkò. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Nígbà tó fi máa padà wálé, kì í tẹjú mọ́ nǹkan kan mọ́.

Lónìí, irú àwòrán wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìyànà Ìbà. Tíṣà á ní ó ń la ọpọlọ ọmọ, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fi fóònù ya fọ́tò. Ó dáa fún wọn. Ta ló máa dá ìgbà èwe Ṣadé padà?

Màámi Àgbà ṣì wà láyé. Gbogbo ẹbí ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ṣadé fúnra rẹ̀ ní ó ti tán. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí Màámi Àgbà, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Orúnkún mi nìkan ló ń kúnlẹ̀.