Ìkéde Tí Mo Kọ Lọ́dún Tí Wọ́n Ti Bọ́dà

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì mọ̀ pé ó dára. Òun ló kó mi sí ìjàngbọ̀n tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí ìjọba ológun ti bọ́dà, tíṣà kékeré ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ọ̀dàn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé. Bàbá wa ti kú, àwa obìnrin méjì péré ni ìyá mi sì bí. Àbúrò mi ti lọ sílé ọkọ ní abúlé kan lọ́nà Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń ka Faransé. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, àwa ò ka ibẹ̀ sí ìdálẹ̀ rárá. Èèyàn lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́dọ̀ wa kó bá wọn jẹ tọ̀sán lọ́hùn-ún. Èdè kan náà là ń sọ, àfi pé bí ọ̀rọ̀ bá yé àwọn tiwọn, wọ́n á ní "dákọ̀ọ̀".

Ní àdúgbò wa, èmi ni mo máa ń bá èèyàn kọ ìkéde rédíò. Bí ẹnìkan bá kú, ẹbí á kó ara wọn jọ sí iwájú ilé wa pẹ̀lú ojú pípọ́n, èmi á sì mú bébà àti bírò jáde. Ọkùnrin kan wà ní Ìlaròó tó ń tún rédíò ṣe. Òun ló ń gba ìwé ìkéde jọ tó sì ń kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Abẹ́òkúta. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìròyìn ọ̀sán, wọ́n á fi orin arò díẹ̀ sí i, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ ka orúkọ àwọn òkú. Gbogbo ilé á dákẹ́. Kódà àwọn tó ń jà á dáwọ́ ìjà dúró ná, kí wọ́n lè mọ ẹni tó kú. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn, inú mi á máa dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ni wọ́n ń kéde. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́dún náà, àbúrò mi lóyún àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ìyàwó ló ni ìwẹ̀ ọmọ. Bí ọmọ bá ti dé, ìyá ìyàwó á di ẹrù, á lọ sí ilé ọkọ ọmọ rẹ̀, á máa wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ọrùn rẹ̀ á fi le. Ìyá mi ti di ẹrù tirẹ̀ kí oyún tó pé oṣù márùn-ún. Kànìnkàn, ọṣẹ dúdú, òrí àti àdí àgbọn wà nínú báàgì kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ti bọ́dà. Àfi bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ìyá mi tún yọ̀ ṣubú létí kànga, orúnkún rẹ̀ wú. Lóòótọ́, àwọn onífàyàwọ́ ń gba inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e dé ọjà kò lè bá a sá fún sójà.

"Tíṣà," ó ní. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí nǹkan bá ká a lára. "Ọmọ yẹn á dàgbà láìmọ̀ mí."

Kò sunkún, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ju bó ṣe ká òun gan-an lọ. Mo ní kó má bínú, pé ó kéré tán a lè fi rédíò ránṣẹ́ sí àbúrò mi kó má baà máa retí wa. Rédíò tiwa ni wọ́n ń gbọ́ lọ́hùn-ún, kò sì sí sójà tó lè dá ohùn dúró kó ní kó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ gbogbo ìkéde. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ ìkéde, òkú ni mò ń kọ, ọwọ́ mi ò sì mọ ọ̀nà míì. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹbí àti agboolé, mo kọ orúkọ ìyá mi ní kíkún pẹ̀lú oyè tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá pe àbúrò mi lórúkọ, mo dárúkọ abúlé rẹ̀. Ó di ìparí pátápátá kí n tó sọ pé ara ìyá wa le, pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, pé kó fọkàn balẹ̀. Mo kà á sókè. Ìyá mi ní ó dùn létí. Orí mi sì wú.

Ọkùnrin Ìlaròó ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kó o mọ́ àwọn ìwé òkú. Ní Abẹ́òkúta, àárín òkú méjì ni wọ́n ti kà á, pẹ̀lú orin arò yẹn. Èmi àti ìyá mi jókòó ti rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn pé, "Èmi rèé o!" A rẹ́rìn-ín títí. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé ẹlòmíràn lè má dúró gbọ́ ìparí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, a gbọ́ ẹkún lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ àbúrò mi ni. Ó ti rin igbó, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ó gbé aṣọ sínú àpò ìrẹsì, ó sì fi igò sódabì, ọtí líle tiwọn, há abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí iwájú ilé, ó ń ké pe ìyá mi pé ó ṣe wá lọ láìdágbére. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi wà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó tiro jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Ta ló kú?" ó bèèrè.

Ọkọ àbúrò mi gbójú sókè. Ẹkún gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ló bá ń fi ìdí wọ́ sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo ti mú aṣọ wá."

"Aṣọ kí ni?"

"Aṣọ tí a ó fi sin yín, Màmá."

Ìyá mi wo aṣọ, ó wo igò, ó wo èmi náà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. "Dìde, àna mi. Àkúdàáyà kì í jókòó sí ilé ara rẹ̀ kó máa bó ẹ̀gẹ́. Ìlú òkèèrè ló máa ń sá lọ."

Nígbà tó mu omi tán ló tó ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìkéde náà, bí wọ́n ṣe pe orúkọ ìyá mi lẹ́yìn orin arò ni àbúrò mi ti figbe ta. Gbogbo agboolé bá a ké, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èyí tó kù. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun, ògiri ló kọjú sí. Oyún sì ti wọ oṣù kẹjọ.

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo ní kí ó dúró kí n kọ lẹ́tà, kó mú un dání lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kò ní gbà á gbọ́," ó ní. "Àwọn àgbà ilé ti ń sọ fún un pé kì í ṣe Màmá ni wọ́n pè. A kì í túfọ̀ fún aláboyún, òun náà sì mọ̀. Bí a bá ṣe ń sọ pé ìyá rẹ̀ ò kú tó, bẹ́ẹ̀ ló ń sunkún tó. Èmi gan-an, bí mo bá padà lọ sọ ọ́, á ní wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ ni."

Ọ̀gá ilé ìwé wa ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tó fi ń gba ìwàásù sílẹ̀. Mo sáré lọ yá a. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, nítorí náà mo mú ọ̀kan tó ní orin ìsìn, mo fi bébà dí ihò kékeré méjì tó wà lórí rẹ̀, kó lè gba ohùn tuntun. Mo gbé ẹ̀rọ náà síwájú ìyá mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ló bá figbe bọnu.

"Ẹ má pariwo, Màmá. Iwájú yín ni ẹ̀rọ wà."

"Ṣé iwájú mi lọmọ mi wà?"

Ó kí àbúrò mi, ó bi í bóyá dáadáa ló jí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Mo na ọwọ́ kí n dá a dúró, ó gbá mi lọ́wọ́.

"Jẹ́ kó dáhùn ná."

"Kò lè dáhùn báyìí, Màmá. Kò tíì gbọ́ ọ."

"Nígbà tó bá wá ń gbọ́ ọ, ìgbà wo ni yóò ráyè dáhùn?"

Rédíò ni mo mọ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì; kò sí bí o ṣe fẹ́ fèsì, kò ní gbọ́. Ìyá mi ò ní bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Gbogbo ìbéèrè tó bi í ló fi àyè sílẹ̀ fún.

Ó wá ní, "Ọkọ rẹ rèé níwájú mi. Ó gbé aṣọ aláró wá láti fi sin mí, ẹ̀gún igbó ti fa etí aṣọ náà ya. Ó ti jẹ ẹ̀bà mi tán, ó sì tún ń wo ìkòkò. Ṣé òkú ló ń rí gbogbo ìyẹn? Dìde níbẹ̀ jàre. Fọ ojú rẹ. Fún ọmọ mi lóúnjẹ."

"Dákọ̀ọ̀, Màmá," ọkọ àbúrò mi dáhùn lẹ́yìn, ohùn tirẹ̀ náà sì wọ inú kásẹ́ẹ̀tì.

Ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ; irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní agboolé wọn. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ tó lé ní mẹ́ta. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Tó bá ti tó àkókò ìkéde, mo máa ń pa rédíò, nítorí mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn wá pé kí n bá wọn kọ ìwé, mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Ìyá mi ò bá mi wí rí, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin onífàyàwọ́ kan já ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ki ọwọ́ bọ inú ìrẹsì, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kan jáde. Mo yára tì í bọnú ẹ̀rọ. Ohùn àbúrò mi ló jáde: "Màmá, mo ti jẹun." Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbe ọmọ tuntun. Obìnrin ni. Ìyá mi gbé ìborùn sí ojú, ó sunkún dáadáa. Àbúrò mi ní gbogbo nǹkan lọ déédéé, àfi pé òun ń bẹ̀rù láti wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ òun ti kú tipẹ́, òun ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ipò Màmá.

Bí ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọmọ láti Òkè-Ọ̀dàn nìyẹn. Ó ní òun ò lè ṣe é lọ́wọ́ òfìfo, ló bá fi ìró wé ìrọ̀rí kan, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Mo tẹ ẹ̀rọ. "Gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ létí. Ṣé o ti ṣe é?" Á dákẹ́. "Ó dáa. Fà á lápá. Má bẹ̀rù, kò ní já. Igbe ẹ̀ lò ń gbọ́ yẹn, bí ìwọ náà ṣe máa ń ké nìyẹn." Á wá máa kọ orin ìwẹ̀ fún un, á sì máa ki ọmọ tí kò rí rí. A dọ́gbọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì náà, àti kànìnkàn, àti òrí, sínú ẹrù obìnrin onírẹsì yẹn. Onífàyàwọ́ kan sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ohùn Màmá nígbà tí òun ń kọjá ní abúlé náà láàárọ̀, òun sì ti fẹ́ yà kí i.

Bọ́dà wà ní títì títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ohùn Màmá nínú kásẹ́ẹ̀tì ni àbúrò mi sì fi ń wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí i, àbúrò mi mú un wá. Ó rẹ̀ wọ́n, eruku bò wọ́n. Ọmọ náà di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Mo na ọwọ́ sí i, ó figbe ta. Àwọn aládùúgbò fi bisikí lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ìyá mi wà nínú yàrá, ó ń wá ìborùn, nítorí kò fẹ́ kí àlejò bá òun láìborí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ló ti ń sọ fún mi pé kò burú bí ọmọ náà ò bá wá sọ́dọ̀ òun, pé ọmọdé ni, kò mọ òun rí.

"Ṣé wọ́n ti dé ni?" ó bèèrè láti inú yàrá.

Ẹkún ọmọ náà dá. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, kò tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó jọ̀wọ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù tirẹ̀ mú, ó ń fà á sókè láti bọ́ ọ, títí ọrùn ẹ̀wù náà fi há a lórí. Bí orí rẹ̀ ṣe wà nínú ẹ̀wù yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tàgétàgé lọ síbi tí ohùn náà ti ń wá.

Ìyá mi tiro jáde, ó bá a níhòòhò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Tíṣà," ó ní, "kí lò ń wò? Lọ gbé omi kaná."