Àyà Kan Ilẹ̀

Màmá tí wọ́n kọ́ wa ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Festac kì í gba ìkíni òòró. Kódà lẹ́nu ọjà Agboju, tèmi taṣọ ológun lọ́rùn, wọ́n á ní: “Sójà, ṣé igi ló wà lẹ́yìn ẹ ni? Jẹ́ kí àyà kan ilẹ̀!”

Ní òkèèrè tí ìjọba rán àwa sójà lọ pẹ̀tù sí ogun, ọmọdé ń bọ àgbà lọ́wọ́. Mo gbàgbé, mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá arúgbó kan lọ́jà wọn. Ni gbogbo ọjà bá dojú bolẹ̀! Wọ́n rò pé mo gbúròó ìbọn ni.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá ní, “Ojú mi ń ṣú lọ, ọmọ mi. Tètè wá kí n rí ẹ.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá wọn sí. Mo dọ̀bálẹ̀ ti fóònù, mo sì sọ fún wọn.

“Ṣé àyà kan ilẹ̀?”

“Ó kàn án, Mà.”