Kì Í Ṣe Ibi Tí Wọ́n Lẹ̀ Ló Ya

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Onitsha, nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ìlú ń tún ilé tí ogun wó kọ́. Ó ti pẹ́ o, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí.

Télọ̀ ni mí, ní Iweka Road. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràṣídì, ń ta páànù ní Bridge Head. Ó ga! Apá rẹ̀ gùn débi pé mo máa ń fi aṣọ kún ọwọ́ bùbá rẹ̀. Bí bàbá wa ṣe rí nìyẹn, òun tó ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, tí kò dìde mọ́.

Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn rẹ̀ ti ń wú, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá wa ló ti jogún rẹ̀, pẹ̀lú gígùn apá náà. Ó lọ sí London. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n sì fi ọ̀pá aṣọ rọ́pò rẹ̀. Aṣọ o! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn dókítà náà ti di télọ̀.

Ó dé, a ṣe sàráà. Àmọ́ lẹ́tà dókítà ní kó máa lo oògùn lójoojúmọ́, kó sì máa lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́yìn tí a ti ṣe sàráà pé Ọlọ́run wo òun sàn, ṣé kí òun tún lọ tò sí ọsibítù? Ṣé ìyẹn kì í ṣe àìmoore? Mo gbà fún un! Èmi ni mo ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ máṣìn mi.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ó fẹ́yàwó, ó bí Sàláwà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló di ẹ̀yìn mú, ó ń pariwo pé nǹkan ń ya nínú òun. Ká tó dé ọsibítù, ó ti kú.

Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní ohun tí wọ́n rán ní London ṣì le koko. Ìsàlẹ̀ iṣan náà, níbi tí wọn kò gé, ló ya.

Èmi tí mò ń lẹ aṣọ! Ta ni kò mọ̀ pé aṣọ tó ti gbó, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a lẹ̀ ló máa ń ya? Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n gbé e padà wá kí n wò ó. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mama Ngozi, aládùúgbò wa, dì mí mú, ó ń bá mi kẹ́dùn: “Ndo, my sister. No be you kill am.” Mo sunkún títí.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo fẹ́ rán gáùn fún Sàláwà. Mo na téèpù sí apá rẹ̀. Ó gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú lẹ́tà bàbá rẹ̀, mo sì gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù.

Àrùn kan náà ni wọ́n rí lára rẹ̀; nígbà tó dàgbà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun náà. Kò sí ọdún tí kì í lọ fún àyẹ̀wò, èmi ni mo sì máa ń bá a lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ tiyín fún mi: lẹ́tà wo ló wà nínú dúrọ́ọ̀ yín?