Ojú Ìwé Tí Màmá Kà

Èmi ni mo di fóònù náà mú. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mò ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀rẹ́ mi lẹ́sẹ̀.

Aránṣọ ni ọ̀rẹ́ mi. Àǹtí Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí téèpù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tó lọ bímọ, nọ́ọ̀sì ló bá a yọ ọ́. Èmi nìkan ni mo ń pè é ní Téèpù lásán, torí mo fi ọdún méjì jù ú lọ, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀tọ́ mi ṣòfò. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, lókè àtẹ̀gùn tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ. Òun wà níwájú pẹ̀lú máṣíìnì méjì, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú tábìlì àti áyọ́ọ̀nù. Aṣọ tó bá rán tán, èmi ni mo ń lọ̀ ọ́.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀ náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìwé ìwọ̀n. Ìwé ńlá tó ní èèpo dúdú ni. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìnagijẹ ni Téèpù máa ń kọ: Ọ̀gá Olóhùn Kékeré, Ìyàwó Dírẹ́bà, Mi-ò-sanra. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá tún wá, á wọ̀n ọ́n lákọ̀tun, á kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, kò sì gbọdọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́. Màmá ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Wọ́n ní ara èèyàn ló wà nínú ìwé yẹn, ká má fi han ẹlòmíì.

Ọmọbìnrin Téèpù ló gbé ọ̀rọ̀ ayélujára wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ti dẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń rà, àwa á sì jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, a ó máa wo ara wa bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ṣí ìkànnì kan fún ìyá rẹ̀, ó kọ́ ọ bó ṣe máa ya fídíò, kí a tó mọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá èèyàn ti ń wò ó. Mi ò ní purọ́, ó ṣe wá lóore. Obìnrin kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ kúrú ju tòsì lọ rí fídíò tí Téèpù fi ṣàlàyé bí a ṣe ń gé apá aṣọ, ó wọ bọ́ọ̀sì wákàtí márùn-ún wá bá wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wọ aṣọ tó bá apá rẹ̀ méjèèjì mu láyé rẹ̀. Ó sunkún, àwa náà bá a sun.

Ṣùgbọ́n Téèpù ò lè jẹun láìwo fóònù mọ́. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé imú rẹ̀ tóbi, ó gbé e sọ́kàn fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Ṣé imú lo fi ń ránṣọ ni?" Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó jèrè jù ni Màmá. Orúnkún wọn ti kọ iṣẹ́, wọ́n ń dá gbé ní ìlú tó jìnnà sí wa ní wákàtí mẹ́ta, fídíò ọmọ wọn ló sì di alábàágbé wọn. Kò sí èyí tí wọn kì í wò. Wọ́n á fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí á fi tóbi, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé: "Ojú rírán yẹn wọ́." "Ta ló lọ kọ́là yẹn? Ó ti fẹ́ jó." Èmi ni wọ́n ń bá wí o, níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá èèyàn.

Àbúrò kan ṣoṣo ni Téèpù ní. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìṣirò. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú kó tó dé ẹnu. Lọ́dún yẹn ni dókítà sọ fún un pé àìsàn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbóògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Èmi mọ̀ torí pé ọwọ́ mi ni aṣọ ń gbà kọjá, wọn ò lè fi pa mọ́ fún mi. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí Màmá má mọ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí Màmá sin ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ àkọ́bí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀," ló wí. "Tó bá tó àkókò, èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

Iṣẹ́ ọwọ́ ni Téèpù fi bo àṣírí náà. Bí Àbúrò ṣe ń rù, bẹ́ẹ̀ ló ń dín àwọn aṣọ rẹ̀. Ó ń fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí èjìká, ó ń fi aṣọ inú ìlọ́po méjì sí àyà, kó lè dà bíi pé ẹran ara ṣì wà níbẹ̀. Ojú ọmọ náà kì í tètè rù, Ọlọ́run ṣe é ní olójú rìbìtì. Tó bá lọ kí Màmá lóṣooṣù, Màmá á wo aṣọ, wọ́n á ní ó bá a lára mu. Téèpù á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á wá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ nu ojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ ya fídíò nípa ìwé ìwọ̀n. Àwọn tó ń wò ó ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó fi han àwọn bó ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà àwọn oníbàárà. Ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ṣí ìwé, ó ń wá ojú ìwé tó kún jù. Ti Àbúrò ló kún jù, torí ọdún mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, bíró búlúù níbí, bíró pupa lọ́hùn-ún.

"Ṣé èyí lo fẹ́ lò?" ni mo bi í.

"Orúkọ wo ló wà níbẹ̀?" ló fi dá mi lóhùn. "'Àbúrò' ni mo kọ. Àbúrò ta ni wọ́n fẹ́ mọ̀?"

Áyọ́ọ̀nù mi ti gbóná, mo fẹ́ kó parí. Mo gbé fóònù sún mọ́ ìwé náà dáadáa kí nọ́ńbà lè hàn, òun sì ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sísàlẹ̀ bó ti ń ṣàlàyé. Kò tíì parí tí Àbúrò fi ti ilé ìwé dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi náà máa wà nínú ẹ̀ ni?" ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn ni fídíò náà fi parí. Téèpù gbé e sórí ayélujára láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá èèyàn, ẹnì kan wà tó lè ka ojú ìwé yẹn bí ẹní ka lẹ́tà, torí òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. A gbàgbé. Títí di òní, mi ò mọ bí a ṣe gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó so áyọ́ọ̀nù mọ́ iná, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ̀kan tó ń sinmi. Màmá ni. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni wọ́n wọ̀. A kúnlẹ̀, à ń kí wọn.

"Ẹ pe Àbúrò wá," ni wọ́n wí.

Ilé ìwé ò jìnnà. Nígbà tó dé, tó rí ìyá rẹ̀ lórí àpótí ìjókòó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò kọjá imú. Màmá dìde. Wọ́n yọ téèpù kúrò lọ́rùn Téèpù, wọ́n ní, "Bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn." Téèpù fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wọn àyà, wọ́n wọn ìbàdí, wọ́n wọn apá, wọ́n tún padà wọn àyà bí ẹni tí kò gba téèpù gbọ́.

"Ogójì ni lọ́dún tó kọjá," ni wọ́n wí. "Méjìdínlógójì. Márùndínlógójì. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ní báyìí, ọgbọ̀n. Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ọ̀rọ̀ ò ṣeé bò mọ́. Ó sọ ọ́. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ègé aṣọ, wọ́n di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, wọ́n ń ké bí ọmọdé. Àbúrò ò wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún," ló wí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún wa ká ní ó pariwo.

Téèpù yọ fídíò náà kúrò lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kí ló kù tó fẹ́ bò? Màmá kó wá sílé Àbúrò, oṣù mẹ́rin ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Àbúrò ò gun àtẹ̀gùn wa mọ́. Ó ń wọ àwọn aṣọ tó ti tóbi jù ú lọ, kò gbé ọ̀kankan wá fún dídín. Tí Téèpù bá lọ kí i, á gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ ṣé, mà." Kò fi "mà" pè é rí láti kékeré. Téèpù á padà dé ṣọ́ọ̀bù, á jókòó ti máṣíìnì, kò ní tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń rí i tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù láti fi ránṣẹ́ sí i, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ohun tó ń wá kò ju kí ọmọ náà pe òun ní ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo bá Téèpù bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé Àbúrò lọ sí ọsibítù, mo lọ bá a níbẹ̀, mo ní èmi ni mo di fóònù mú, èmi ni kó bínú sí. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. "Mo kàn fẹ́ kí Màmá máa rí èmi ni," ló wí. "Ní báyìí, tí wọ́n bá wò mí, àìsàn ni wọ́n ń rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lajú, wọ́n ti ń sunkún."

Mo jáde, mo pàdé Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́. "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó má bara jẹ́ jù," ni wọ́n wí. "Ká ní ẹ fi pa mọ́ fún mi dópin ni, mi ò ní lè dárí jì í láéláé. Mo wẹ ọmọ mi láàárọ̀ yìí, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́."

Àwọn méjèèjì ló jàre. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, inú bí mi sí fóònù, inú sì bí mi sí ara mi jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Àbúrò kú. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn fún yín.

Màmá ní Téèpù ni kó rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún un. Mo bá a dé yàrá tí wọ́n tẹ́ Àbúrò sí. Èmi ni mo bá a di etí téèpù kejì mú. Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ìwé dúdú, ó kọ ọjọ́, ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn: méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò fi fóòmù sí èjìká aṣọ náà. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Màmá wo kọ́là rẹ̀ tinú tẹ̀yìn, wọn ò bá mi wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Téèpù fi pa ìkànnì rẹ̀ tì. Lẹ́yìn náà, ó padà sí i, torí iṣẹ́ ni, àti torí pé àwọn èèyàn bí obìnrin tí apá rẹ̀ kúrú yẹn ń béèrè rẹ̀. Ó ń ya fídíò, ṣùgbọ́n ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ìwé dúdú mọ́nú àpótí. Tó bá fẹ́ gbé nǹkan sórí ayélujára báyìí, èmi á kọ́kọ́ wò ó, òun á wò ó, a tún máa jọ wò ó.

Fídíò ọjọ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Orí fóònù Màmá nìkan ló kù sí, wọ́n ti fi pa mọ́ síbẹ̀ kí Téèpù tó yọ ọ́. Látìgbà tí Àbúrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù ni kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun mọ́, kò sì sí ibòmíì tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ọdún yẹn. Lóṣù tó kọjá, Màmá gun àtẹ̀gùn wa, wọ́n jókòó, wọ́n pe Téèpù sọ́dọ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Wọ́n tan fídíò náà. Bí ojú ìwé ṣe yọ, Màmá fi àtàǹpàkò bo ibi tí nọ́ńbà wà, wọn ò sì gbé e kúrò. À ń gbọ́ bí Téèpù ṣe ń ṣàlàyé nínú fídíò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ohùn náà wí, "ṣé èmi náà máa wà nínú ẹ̀ ni?"

Téèpù ní kí Màmá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.