Ìrìn-àjò Bàbá Mi sí Sókótó

Ọjọ́ tí bàbá mi gbéra lọ sí Sókótó ni n kò lè gbàgbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fìka tọ máàpù. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń gba títì ọlọ́dà, inú igbó àti iyanrìn ni jíìpù tàwọn yóò gbà. Màmá mi aláró ní, "Ẹ kọ́kọ́ gba iwájú ilé wa n'Ígbẹ̀ìn kọjá ná."

Akọni wa rẹ́rìn-ín. A wọkọ̀, wọ́n tẹná, jíìpù já sí kòtò àgbàrá, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo rò pé a ti kú. Bàbá mi fò jáde, wọ́n já sínú ìkòkò aró.

Màmá mi kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́: "Ẹ káàbọ̀. Ará Sókótó ńkọ́?"

Ọjọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi, aró kò sì tíì kúrò létí bàbá mi.